Ọjọ́ Tí Èmi àti Màámi Ṣọ́ Ilé

Òórùn òrí tí a yọ́ lórí iná igi ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Òmù-Àrán létí mi. Kì í ṣe òórùn tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ó tẹ̀ lé mi káàkiri ilé ọkọ mi láti ọjọ́ Kérésìmesì títí di ọdún tuntun. Ẹsẹ̀ mi ló fà á. A ń jó lọ síwájú pẹpẹ fún ìdúpẹ́, mo wọ bàtà gogoro tí ọkọ mi ti ní kí n má wọ̀, mo sì fẹ́ kí àwọn ìyá ìjọ mọ̀ pé ìyàwó Ìbàdàn náà mọ ijó jó. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo tó wà níwájú pẹpẹ ni n kò rí. Dókítà ní egungun kò ṣẹ́, kókósẹ̀ ló rọ́. Ó fi báńdéèjì wé e, ó ní n kò gbọdọ̀ fi tẹlẹ̀ rárá. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màámi, gbọ́ ti dókítà tán, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a délé, wọ́n tú báńdéèjì náà, wọ́n sì gbé òrí kaná.

Ìdílé ọkọ mi ní àṣà kan. Bí gbogbo ọmọ bá ti Èkó, Ìlọrin àti Àbújá délé fún ọdún, wọ́n á háyà bọ́ọ̀sì, wọ́n á sì lọ lo ọjọ́ kan gbáko ní omi Òwù, níbi tí omi ti ń já bọ́ láti orí àpáta gíga sínú igbó. Wọ́n á gbé ìrẹsì, wọ́n á gbé adìyẹ díndín, tàgbà tèwe á fẹsẹ̀ rìn dé ìdí omi náà, wọ́n á tutù bí ẹyẹ tí òjò pa, wọ́n á máa gbọ̀n nínú ọyẹ́, wọ́n á sì ní àwọn ń gbádùn. Ẹlẹ́sẹ̀ kan kò lè débẹ̀. Ọkọ mi ní òun yóò dúró tì mí, ṣùgbọ́n Màámi ní kí ó máa bá àwọn àbúrò rẹ̀ lọ, pé orúnkún kò jẹ́ kí àwọn náà lè lọ mọ́, àwa méjèèjì yóò ṣọ́ ilé.

Ni oníkálukú bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ fún mi. Àbúrò ọkọ mi kan kó fíìmù sínú fóònù mi. Àwọn ọmọ gbé Lúdò sílẹ̀ fún mi, wọn kò bi ara wọn léèrè ta ni n óò bá ta á. Ọmọbìnrin mi kékeré ní kí n máa ka ọ̀kadà tó bá kọjá, kí n jíyìn fún òun tí òun bá dé. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń ní kí wọ́n máa lọ, ó ti tó, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí wọ́n lọ. Kì í ṣe pé n óò dá wà ni mo ń bẹ̀rù. Màámi ni.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí o má baà rò pé ìyá ọkọ burúkú ni mo ní. Màámi kò pariwo mọ́ mi rí. Èdè ló ń dùn mí. Ìgbómìnà ni wọ́n ń sọ nínú ilé náà, ó ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ó ní bí wọ́n ṣe ń pè é, kì í sì í ṣe ohun tí ọmọ Ìbàdàn yóò gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà kó yé e. Bí Màámi bá wà ní ilé ìdáná pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin wọn, n óò máa gbọ́ ẹ̀rín láti ìta. Bí mo bá ti yọjú, ẹ̀rín á dáwọ́ dúró, Màámi á tún ọ̀fun ṣe, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ Yorùbá tó mọ́ kedere bíi ti akàròyìn orí rédíò. Òun náà ni wọ́n fi ń bá pásítọ̀ àlejò sọ̀rọ̀. Wọ́n á bi mí bóyá mo sùn dáadáa, wọ́n á bi mí bóyá oúnjẹ tó mi. Ṣùgbọ́n ìyàwó àbúrò ọkọ mi, tó jẹ́ ọmọ Òmù-Àrán, wọ́n á bú u, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á rán an níṣẹ́ láìsinmi, gbogbo rẹ̀ ní Ìgbómìnà. Èébú yẹn gan-an ni mò ń jowú. Mo ti bímọ mẹ́ta fún wọn, ewú ti ń yọ lórí mi, síbẹ̀ àlejò ni mo ṣì jẹ́ nílé ọkọ mi, mo sì fẹ́ di ọmọ ilé ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni lọ.

Bọ́ọ̀sì lọ tán, ilé dákẹ́. Kò síná. Mo wo fíìmù títí fóònù fi kú. Mo bá ara mi ta Lúdò, mo sì ṣe ojooro. Nígbà tí Màámi rí i pé ọ̀rọ̀ mi ti di bẹ́ẹ̀, wọ́n gbé àtẹ ẹ̀gúsí wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi lé àpótí, wọ́n fi òrí gbígbóná ra á títí tó fi ń dán, a sì jọ bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gúsí. Tiwọn ń bọ́ sínú abọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tèmi ń ṣẹ́ sí méjì. Wọ́n kàn ń bi mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ní Yorùbá rédíò yẹn, bóyá ó ń dùn mí.

Ọ̀rẹ́ Màámi kan, ìyá arúgbó tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, wá dúró lẹ́bàá ọgbà láti kí wọn. Ó wo ẹsẹ̀ mi lórí àpótí, ó sì bi Màámi ní Ìgbómìnà bóyá iṣu ni wọ́n bó tí wọ́n fi òrí pa, pé bí ó bá jinná, kí wọ́n má gbàgbé òun. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi. N kò ro ó, n kò mọ̀ pé mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà bá tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n Màámi dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró, wọ́n ń wò mí.

"O gbọ́ ohun tó sọ?"

"Mo gbọ́, mà."

"Láti ìgbà wo?"

Mo ní ó ti pẹ́ díẹ̀, pé láti ìta ni mo ti máa ń gbọ́ ọ kí n tó wọlé. Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí n kò fi sọ fún àwọn. N kò mọ ibi tí mo ti rí ìgboyà. Bóyá nítorí pé ẹsẹ̀ mi kò jẹ́ kí n lè dìde sá ni.

"Ẹ ò bá mi sọ ọ́ rí, mà. Mo rò pé ẹ ò fẹ́ kí n gbọ́ ni."

Wọ́n ti àtẹ ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan tí ọkọ mi pàápàá kò gbọ́ rí. Mo ti mọ̀ pé Màámi kì í ṣe ọmọ Òmù-Àrán, pé apá Ṣàárẹ́ ni wọ́n ti wá. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé Tápà ni ìyá tó bí wọn, èdè Tápà ni wọ́n sì fi kọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tí wọ́n wọlé ọkọ, kò sí ẹni tó rọra sọ̀rọ̀ fún wọn. Lọ́jọ́ kan, àwọn àgbà obìnrin ilé fẹ́ sọ ìkòkò epo ńlá kan kalẹ̀ lórí iná, ó wúwo jù wọ́n lọ, wọ́n sì kígbe pé, "Ìyàwó, mú ọwọ́ wá!" Màámi sáré wọlé, wọ́n sáré jáde, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì na ìgbálẹ̀ sí wọn. Ọwọ̀ tí í ṣe ìgbálẹ̀ ni Màámi gbọ́ dípò ọwọ́. Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín débi pé epo fẹ́rẹ̀ẹ́ dà. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ Màámi ní Ìyàwó Ọlọ́wọ̀. Àlejò tó bá gbọ́ ọ á rò pé ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń fún ìyàwó. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ wọn títí wọ́n fi bí ọmọ kejì, fún ìgbà pípẹ́ ni wọn kò sì fi lè la ẹnu sọ ohunkóhun ju ìkíni lọ.

"Mo sọ fún Ọlọ́run," ni Màámi wí, "pé bí ọmọ mi bá mú ìyàwó wá láti ọ̀nà jíjìn, ẹnikẹ́ni kò ní fi èdè dójú tì í nínú ilé mi. Mo kìlọ̀ fún àwọn ọmọ mi: bí ìyàwó bá ti wọlé, ẹ sọ èyí tí yóò yé e."

Mo sunkún, n kò ní purọ́ fún ọ. Mo ń fi ọwọ́ nu ojú, èèpo ẹ̀gúsí ń lẹ̀ mọ́ mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rín ti ń dáwọ́ dúró nítorí mi, tí mo ti ń padà sínú yàrá lọ jókòó, ìkẹ́ ni wọ́n ń kẹ́ mi.

"Màámi, mo rò pé ẹ ń ti ilẹ̀kùn mọ́ mi ni."

"Mo rò pé mò ń ṣí i ni," ni wọ́n dáhùn, wọ́n sì mi orí, bí ẹni tó wọn iyọ̀ sí ọbẹ̀ tí a ti fi iyọ̀ sí tẹ́lẹ̀.

Láti ìgbà náà títí ọ̀sán fi pọ́n, Ìgbómìnà ni wọ́n fi bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ń rọra sọ ọ́, nígbà tó yá wọ́n gbàgbé. Wọ́n sọ nípa bàbá ọkọ mi olóògbé, bí ó ṣe ń jí mu omi tútù nínú ọyẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè sọ pé héédímásítà àwọn le. Èyí tí n kò bá gbọ́, mo bi wọ́n. Nígbà tí mo gbìyànjú láti fi Ìgbómìnà dáhùn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ìgbáyà mú, inú mi sì dùn.

Lẹ́yìn tí oòrùn ti wọ apá kejì ilé, Màámi wọlé lọ wo ohun tó wà lórí iná. Ewúrẹ́ kan yọ, ó ti ẹnu bọ àtẹ ẹ̀gúsí. Mo fò dìde, mo lé e, ìgbà tí mo ti fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ tán ni mo rántí, mo sì figbe ta. Màámi jáde. Háà, èmi gbọ́ èébú lọ́jọ́ náà. N kò ní kọ ọ́ síbí, nítorí n óò ṣì í kọ, àwọn ọmọ Òmù-Àrán yóò sì fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí bóyá ẹ̀gúsí ni wọ́n fi fẹ́ mi sílé. Wọ́n ní olórí kunkun ni mí, pé bí mo ṣe ń jó lójú ìjọ nìyẹn, mo tún fẹ́ bá ewúrẹ́ jó. Gbogbo rẹ̀ ní Ìgbómìnà tí kò lábùlà, lókè ohùn, wọ́n sì ń fi ọwọ́ kan gbé mi lé àga. Àárín èyí ni bọ́ọ̀sì dé. Àwọn tó sọ̀kalẹ̀ dúró lójú kan, aṣọ tútù lọ́rùn wọn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Màámi, ìyàwó lẹ ń bá sọ̀rọ̀ o."

"Mo mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀," ni Màámi wí, wọ́n sì bá èébú wọn lọ.

Ọkọ mi wò mí, omijé wà lójú mi, ẹ̀rín wà lẹ́nu mi. Ó rò pé ìrora ni.

Ọdún ti gorí ọdún. Mo ti lọ sí omi Òwù lẹ́yìn náà, ó dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n sọ ọdún tí mo gbádùn jù lọ nínú ìdílé náà, ọdún tí n kò lè rìn ni. Ó kọ́ mi pé oore tí ènìyàn kò bá sọ ìdí rẹ̀ lè jọ ìkórìíra lójú ẹni tí a ń ṣe é fún, mo sì ti ń la ẹnu mi báyìí, àwọn ọmọ mi ní mo ti ń sọ̀rọ̀ jù.

Màámi ti darúgbó gan-an. Yorùbá rédíò yẹn ló kọ́kọ́ fi wọ́n sílẹ̀, Ìgbómìnà náà sì ti ń lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a lọ kí wọn lọ́dún tó kọjá, Tápà ni wọ́n ń sọ, kò sì sí ẹnì kan nínú ilé náà tó gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ wọn yí wọn ká, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n pé, "Màámi, ẹ sọ èyí tí yóò yé wa." Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ fi Màámi sílẹ̀. Mo gbé àga mi sún mọ́ wọn, mo di ọwọ́ wọn mú. Wọ́n ń sọ ọ́ lọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ohun kan tí ó dùn mọ́ wọn, bóyá ọ̀rọ̀ ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọdébìnrin lọ́dọ̀ ìyá wọn. N kò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Mo kàn ń dáhùn pé, "Ẹn-ẹ́n, mà," kí wọ́n má baà rò pé àwọn nìkan ló wà níbẹ̀.