Wọ́n fi "mo jẹ̀bi" sẹ́nu bàbá ará Rọ́ṣíà

Láti ọjọ́ Ajé ni ìwé ilé ẹjọ́ kan tí a túmọ̀ sí èdè Rọ́ṣíà ti ní àṣìṣe. Lọ́yà tó gbé iṣẹ́ náà fún wa mọ̀, akọ̀wé rẹ̀ mọ̀, èmi tí mo ni iléeṣẹ́ ìtumọ̀ náà mọ̀.

Bàbá ará Rọ́ṣíà kan ní Snellville, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà níbí, ní ẹjọ́ mọ́tò lọ́la. Ó fẹ́ sọ fún adájọ́ pé òun ò ní jiyàn ẹ̀sùn náà, àmọ́ òun ò gbà pé òun jẹ̀bi. Òfin Georgia fàyè gba ìyẹn. Wọn ò ní irú ẹ̀ ní Rọ́ṣíà, ni ògbufọ̀ wa tuntun bá kọ "mo jẹ̀bi". Bí bàbá bá buwọ́ lù ú, láísẹ́ǹsì tó fi ń wakọ̀ jẹun lè lọ.

Galina, àgbà ògbufọ̀ wa, ti kọ àlàyé tó péye dípò ẹ̀. Lọ́yà nìkan ló kù kó fọwọ́ sí i. Ọjọ́ mẹ́ta, kò dáhùn.

Mo pe akọ̀wé rẹ̀ lónìí, ọmọ Yorùbá bíi tèmi.

"Aunty, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ̀ọ́. Bàbá yẹn á kàn buwọ́ lù ú ni."

"Tó bá jẹ́ dádì ẹ ńkọ́?"

"Ah! Dádì mi gbọ́ òyìnbó o."

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé mo le jù ni? Ẹ sọ tẹnu yín.

Àbúrò, mo mọ̀ pé o máa ka èyí. Kí ọ̀gá rẹ fọwọ́ sí i kí aago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la tó lù. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò ní lu òǹtẹ̀ wa sí ìwé náà, ọ̀gá rẹ fúnra rẹ̀ ni yóò sì sọ ìdí tí ìwé náà ò fi ní òǹtẹ̀ fún adájọ́.