Orúkọ Tó Wà ní Ojú-Ìwé Kẹtàlélógójì

Àìjókòó ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì, orúkọ náà sì bá a mu bí aṣọ tí télọ̀ wọn ara rẹ̀ kó tó rán. Bí obìnrin náà bá ń wá ọ̀rọ̀, ìdí rẹ̀ kì í gbé àga. Yóò dìde, yóò rìn dé ojú fèrèsé, yóò fi èékánná kan igi fèrèsé náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò padà wá kọ ìlà kan, yóò tún dìde. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní yàrá kejì nínú yàrá mẹ́ta tí ilé-iṣẹ́ ìtumọ̀ náà ní, lókè ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe. Kápẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín àga rẹ̀ àti fèrèsé ti pá bí orí àgbàlagbà. Alátùnyẹ̀wò wọn, tí wọ́n sọ ní Bàbá Kọ́mà nítorí bó ṣe ń dọdẹ kọ́mà kiri inú iṣẹ́ oníṣẹ́, a máa sọ pé ká ní ọ̀nà kan ṣoṣo ni Àìjókòó dojú kọ láti ọjọ́ yìí, ì bá ti rìn dé ìlú àwọn tó ni èdè Sípéènì, kó lọ bi wọ́n léèrè fúnra rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: kó tú ìwé òfin láti èdè Sípéènì sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ìgbìmọ̀ olùwádìí ìlú kó fáìlì kan wá. Ilé-iṣẹ́ omi ti ra ẹ̀rọ ìfami lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ìjọba ọ̀hún ń wádìí òṣìṣẹ́ wọn kan tó bu ọwọ́ lu ìwé fún àna rẹ̀ nínú ọjà náà. Ìgbìmọ̀ fẹ́ mọ ohun tí òfin ibẹ̀ sọ, wọ́n sì fẹ́ mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà tún kàn nílé níbí. Ọgọ́ta ojú-ìwé ni fáìlì náà. Ogójì àkọ́kọ́ jẹ́ òfin nípa ìwà tó yẹ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ogún tó kù jẹ́ lẹ́tà àti ẹ̀rí àwọn ènìyàn. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n fẹ́ gbà á.

Ọ́fíìsì náà ní àṣà kan. Nígbà kan rí, atúmọ̀ kan fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìlàjì, ó bá ọkọ lọ, wọn ò rí i mọ́. Láti ọjọ́ náà ni Màdáámù, tó ni ilé-iṣẹ́, ti pàṣẹ pé ẹni tó bá gba fáìlì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bu ọwọ́ lu ìwé ìbúra tí wọn yóò dì mọ́ ẹ̀yìn iṣẹ́ náà, kó sì tẹ òǹtẹ̀ sí i, kó tó ṣí ojú-ìwé kan. Ó ní bí ènìyàn bá ti búra tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yá láti sá. Ohun tí ìbúra náà sọ kò ju ìlà méjì lọ: pé òtítọ́ ni ẹni tó bu ọwọ́ lù ú tú, àti pé kò bá ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ inú ìwé náà kàn tan. Àìjókòó bu ọwọ́ lù ú ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ó tẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ sí i. Ọdún mẹ́rin ìdánwò ló fi gba òǹtẹ̀ onígi kékeré náà. Ẹni tí wọ́n bá gba tirẹ̀ nítorí ìbúra èké kò lè ṣiṣẹ́ yìí mọ́ láyé. Yóò kàn di ẹni tó gbọ́ èdè méjì ni.

Àìjókòó pẹ̀lú ní àṣà tirẹ̀. Kì í ka ìwé já kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Àkójọ ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ máa ń ṣe: yóò fa àwọn ọ̀rọ̀ òfin yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò bá wọn jà títí wọ́n yóò fi gba ìtumọ̀, kó tó wo ohun tó kù.

“Kà á tán ná,” ni Bàbá Kọ́mà máa ń wí, “bí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn.”

“Bàbá, tí mo bá kọ́kọ́ kà á, ìtàn á gbà mí lọ́kàn, ọ̀rọ̀ ò ní dá mi lóhùn mọ́.”

“Ó dáa. Lọ́jọ́ tí ìtàn bá yọ sí ẹ lẹ́yìn, má pariwo.”

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi bá òfin náà wọ̀yá ìjà. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀, *probidad*, tó ń béèrè pé kí ìwà òṣìṣẹ́ mọ́ ní gbangba, kó sì mọ́ ní kọ̀rọ̀. Ìyẹn gbà fún un lọ́jọ́ kìíní. Èyí tó fẹ́ẹ̀ sọ ọ́ di aláìsàn ni *abstención*. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jọ ọ́ wà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á yóò rò pé òṣìṣẹ́ náà kàn kọ̀ láti dìbò ni, nígbà tó jẹ́ pé ojúṣe gidi ni òfin ń sọ. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀. Ó kan igi fèrèsé. Ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe nísàlẹ̀ fi igi òòlù gbá àjà rẹ̀, kó lè mọ̀ pé ó ti tó.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, gbólóhùn náà dé. Ó kà á sókè fún Bàbá Kọ́mà: pé bí ọ̀rọ̀ bá kan ìbátan òṣìṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ náà sọ ọ́ jáde, kó sì bọ́ sẹ́yìn, kó má dá sí i, kó má gbani nímọ̀ràn lórí rẹ̀, kó má tilẹ̀ jókòó níbi tí wọ́n bá ti ń jíròrò rẹ̀. Ohun tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì kúrú ju èyí lọ, ó sì dán bí òkúta inú odò. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó jókòó.

“Ẹ wá wo nǹkan o!” ni Bàbá Kọ́mà kígbe sí Màdáámù. “Ó jókòó!”

Ní ọ̀sán Ẹtì ló dé ojú-ìwé kẹtàlélógójì. Lẹ́tà ni. Ìlà kẹfà dárúkọ ẹnjiníà àgbà kan láti ilé-iṣẹ́ omi, wọ́n sì kọ orúkọ náà ní kíkún, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí bàbá Àìjókòó ṣe sọ ọ́ fún àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin.

Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́n. Kí ojú tó lọ sí ìlà keje, àtẹ́lẹwọ́ ti bo ojú ìwé. Ó pa fáìlì dé. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Kò sí ẹni tó lè fura: orúkọ ọkọ ló ń jẹ́ níbi iṣẹ́ láti ọjọ́ tó ti débẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìbúra wà nínú àpótí Màdáámù, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìwé náà, òǹtẹ̀ rẹ̀ wà lórí ọwọ́ náà.

Bọ̀dá Omi ni ẹbí ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí. Òun ló máa ń fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ tó ti kọ́ èdè Sípéènì, nígbà tí bàbá wọn ti kú tí gbogbo ará ilé ń bi í pé kí ni ọmọbìnrin fẹ́ fi èdè tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nílé ṣe. Yóò dúró ní ẹ̀gbẹ́ ògiri títí kíláàsì yóò fi tú. Láti ojú fèrèsé ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà láti ení dé ogún, ṣùgbọ́n títí di òní, ó máa ń fo ẹẹ́tàlá.

Nígbà tí Àìjókòó délé ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n náà ti wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di fìlà rẹ̀ mú lórí orúnkún.

“Bọ̀dá, ẹ káàbọ̀. Ṣé kò sí nǹkan?”

“Àbúrò mi. Wọ́n ní ọ́fíìsì yín ni ìwé yẹn wà.”

“Ìwé wo, sà?”

“Má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ló sọ ọ́ lójú gbogbo wa. Kí ni wọ́n kọ nípa mi?”

“Mi ò mọ̀.”

“O ò mọ̀ kẹ̀? Ìwọ tó ń tú u?”

“Mo rí orúkọ yín, mo sì pa á dé.”

Ẹ̀gbọ́n náà wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tó da omi tútù nù ní ọjọ́ òùngbẹ. “Ta ló máa ń rí orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó máa pa ìwé dé? Èmi ì bá kà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá!”

“Ẹ ṣe nǹkan ni, Bọ̀dá?”

“Ilé-iṣẹ́ tó ta ẹ̀rọ ló pè mí kí n wá wò ó. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò lọ́dọ̀ wọn. Mo wo ẹ̀rọ, mo jẹun, mo sùn, mo padà. Ẹ̀rọ náà dáa, ṣé kò fa omi ni? Ṣé wọ́n á torí oúnjẹ dá mi lẹ́jọ́?”

“Ṣé ẹ sọ fún wọn níbí pé àwọn ló gbà yín lálejò?”

Bọ̀dá Omi wo bàtà rẹ̀.

“Mi ò ní kí o purọ́,” ló wí níkẹyìn. “Ṣùgbọ́n ìwọ náà lo sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ní èyí tó gbóná, ó ní èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Níbi tí èyí tó gbóná bá wà, fi èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i. Kò tán?”

“Tó bá di ọjọ́ Ajé, màá sọ fún Màdáámù pé ẹ̀gbọ́n mi ni yín, màá sì gbé iṣẹ́ náà sílẹ̀.”

“Háà! Ìyẹn ló burú jù. Tí o bá bọ́ sẹ́yìn, gbogbo wọn á ní o ti rí nǹkan. Wọ́n á ní bí kò bá jóná, àbúrò rẹ̀ ò ní sá. Ìwọ lo máa dá mi lẹ́jọ́ kí ìgbìmọ̀ tó dé ibẹ̀.”

Àìjókòó gbé omi fún un. Ẹ̀gbọ́n náà dé fìlà rẹ̀. Ó kọ omi náà, ó sì jáde láìdágbére.

Ní gbogbo Àbámẹ́ta, ó fọ àwo. Ó kó aṣọ jáde nínú àpótí, ó tún wọn ká, ó dá wọn padà. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ tíṣà, ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ.

“Ìyá ilé, àwo yẹn ti mọ́ láti ìjẹta. Òdòdó tó wà lára rẹ̀ lo fẹ́ fọ̀ kúrò ni?”

“Ẹ jẹ́ kí n fọ àwo mi.”

“Máa fọ̀ ọ́. Ṣáà fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún wa.”

Ní ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, ó yà, ó rìn gba iwájú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ náà ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, kò ní táyà mọ́. Kò wọlé.

Ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀ Ajé, ó dúró níwájú tábìlì Màdáámù, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Màdáámù bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

“Ta ló tún mọ̀?”

“Ẹ̀yin, èmi, àti òun fúnra rẹ̀, mà.”

“Tóò. Gbọ́ mi. Òfin tí o tú kò ní ẹ̀gbọ́n, kò sì ní àbúrò. Fi tìrẹ sílẹ̀ bó ṣe wà. Bàbá náà ní òǹtẹ̀; kí ó tú ogún ojú-ìwé tó kù, ká tọrọ àyè títí di ìrọ̀lẹ́, ká gbé e lọ.”

Ọ̀nà àbájáde ni, ó sì mọ́lẹ̀ rekete. Àìjókòó wò ó. Ogójì ojú-ìwé rẹ̀ yóò wà láàyè. Gbólóhùn tó dán bí òkúta odò yóò wà láàyè. Ẹnikẹ́ni ò ní béèrè ohun tó lé e sá.

“Ìwé ìbúra kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, mà. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Ohun tó sì wà níbẹ̀ kì í ṣòótọ́.”

“Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé o mọ̀!”

“Mo ti kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ àti sí ẹgbẹ́ atúmọ̀.” Ó fi í sórí tábìlì. “Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo búra, kí n tó ṣí ìwé, àti pé n kò kà kọjá ìlà kẹfà.”

Màdáámù ka lẹ́tà náà. Nígbà tó dé ibi tó ti kà pé “kí n tó ṣí ìwé”, ojú rẹ̀ yí padà. “Ìyẹn ni pé àṣà ọ́fíìsì mi náà á dé iwájú wọn. O ń fọ ara rẹ, o sì ń rẹ èmi náà sínú omi.”

“Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ ọ̀gá lọ́rùn rárá, ṣùgbọ́n ó gbé fóònù. Ìgbìmọ̀ fún wọn ní ọjọ́ mẹ́ta sí i. Òfin ni pé ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ojú-ìwé kìíní. Kò gbọ́dọ̀ lo ìlà kan lára èyí tó ti wà. Màdáámù na ọwọ́ fún òǹtẹ̀, ó tì í mọ́ inú àpótí rẹ̀ títí ẹgbẹ́ atúmọ̀ yóò fi fèsì. Ó fa ìwé ìbúra yọ, ó sì fà á ya.

Bàbá Kọ́mà gbé fáìlì lọ sí yàrá kẹta. Ògiri pátákó ni ó wà láàárín yàrá méjèèjì, ó sì fẹ́lẹ́ débi pé ohun tó bá dún lápá kan ni wọ́n ń gbọ́ lápá kejì. Ní ọ̀sán Ìṣẹ́gun, ó yọ orí ní ẹnu ọ̀nà.

“Àìjókòó, *abstención* yẹn. Kí lo fi sí i lọ́jọ́ yẹn? Ó dáa gan-an, orí àgbà ti gbé e sọnù.”

Gbólóhùn náà wà lẹ́nu rẹ̀, odindi, pẹ̀lú kọ́mà rẹ̀. Ó dìde. Ó rìn dé ojú fèrèsé.

“Bàbá, mo ti bọ́ sẹ́yìn.”

“Ó dáa,” ni arúgbó náà wí. “Màá wá tèmi.” Ó padà lọ.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, fóònù rẹ̀ gbọ̀n lórí tábìlì: Bọ̀dá Omi. Ó gbé e.

“Ṣé wọ́n ti tú u?”

“Wọ́n ń tú u, sà.”

“Ta ni?”

“Mi ò lè sọ.”

Ẹ̀gbọ́n náà mí. Kò pa fóònù. Àwọn méjèèjì ń gbọ́ èémí ara wọn bí ìgbà tí wọ́n wà lórí kẹ̀kẹ́ kan náà.

Ní òdìkejì pátákó, Bàbá Kọ́mà tọ́ àtàǹpàkò rẹ̀ lá, ó sì ṣí ojú-ìwé kan. Láti ọjọ́ Ajé ni Àìjókòó ti ń ka iye ojú-ìwé tó ń ṣí láìfẹ́ẹ́ kà á. Ogójì. Mọ́kànlélógójì. Méjìlélógójì. Ó tún tọ́ ọ lá. Bébà ró. Mẹ́tàlélógójì. Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan kan kò ró mọ́, àga arúgbó náà kò sì dún.

Àìjókòó dúró láàárín kápẹ́ẹ̀tì pípá, fóònù wà létí rẹ̀, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn, ó ń retí kí ojú-ìwé tó tẹ̀ lé e ṣí.