Míta Ní Iná Pọ̀, Àwọn Òròmọdìẹ Mi Ní Òtútù Ń Mú Àwọn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ro ẹjọ́ kan fún yín lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní Ẹdẹ níbí mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ láàárín èrò. Bí àlejò bá wá sílé wa, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti máa ń kí i! Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà ọyẹ́ tó kọjá yìí, ó là mí lẹ́nu tipátipá.

Mi ò kàwé púpọ̀. JSS 2 ni mo ti dúró. Òròmọdìẹ ni mò ń tọ́ lẹ́yìn ilé wa. Bí wọ́n bá ti hu ìyẹ́ tán, màá tà wọ́n fún àwọn tí yóò sìn wọ́n dàgbà. Ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ̀ pé ooru ni ìyá wọn. Gílóòbù pupa la máa ń tàn sí wọn lórí. Bí NEPA bá mú iná lọ ńkọ́? Ìkòkò èédú ni, tòun tèéfín.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Mùfú, rìwáyà ni wọ́n. Iṣẹ́ iná mọ́tò ni wọ́n kọ́. Ikọ́ tí mò ń wú nítorí èéfín yẹn ò jẹ́ kí ọkàn wọn balẹ̀. Ni wọ́n bá rí fídíò kan lórí fóònù, pé èèyàn lè ṣe ẹ̀rọ tí iná tó ń jáde lára rẹ̀ yóò pọ̀ ju èyí tó ń wọlé lọ. Free energy ni wọ́n ń pè é. Bọ̀dá mi ò sinmi mọ́! Wọ́n tú mágínẹ́ẹ̀tì lára sípíkà àtijọ́, wọ́n wé wáyà mọ́ irin, wọ́n so ó mọ́ batiri mọ́tò. Ìyàwó wọn á gbé oúnjẹ sílẹ̀, á tutù níbẹ̀. Àwọn kan ládùúgbò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé kì í ṣe nítorí tèmi ni?

Lọ́jọ́ tí gílóòbù tàn, wọ́n pè mí. Wọ́n fi míta kékeré tí àwọn rìwáyà ń lò wọn iná tó ń ti ara batiri wọlé, wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀. Wọ́n wọn èyí tó ń jáde lọ sí gílóòbù, wọ́n ṣe ìṣirò ìyẹn náà. Èyí tó ń jáde ló pọ̀ jù. Inú wọn dùn débi pé ojú wọn kún fún omi. A gbé ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn òròmọdìẹ mi, a sì gbé èédú síta.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo bá wọn lórí ara wọn, wọ́n kó jọ sábẹ́ gílóòbù, wọ́n ń ké. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti kú. Bí ooru bá tó òròmọdìẹ, ṣe ló máa ń tàn ká, tí á sùn bí ẹni tí kò jẹ gbèsè. Mo sọ fún bọ̀dá mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé òtútù ló ń mú wọn. Wọ́n tún fi míta wọ̀n ọ́n, míta ò yí ohùn padà. Wọ́n ní bóyá àìsàn ló ń ṣe wọ́n, kí n ra oògùn sómi wọn. Mo rà á. Ta ni èmi tí màá bá míta jiyàn?

Ibẹ̀ la wà tí Alhaji kan fi dé láti ìlú Awo. Oníbàárà mi ni, adìẹ wọn pọ̀ gan-an. Wọ́n ti gbọ́ nípa ẹ̀rọ náà, òròmọdìẹ tuntun sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn lọ́sẹ̀ yẹn. Bọ̀dá mi fi míta hàn wọ́n. Alhaji ní ó parí, àwọn máa kó gbogbo ìkòkò èédú kúrò nínú ilé adìẹ àwọn, kí bọ̀dá mi bá àwọn ṣe irú ẹ̀ kíá. Wọ́n wo àwọn òròmọdìẹ mi tó kó jọ, àwọn náà ní àìsàn ni.

Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo dójú ti ẹ̀gbọ́n mi níwájú àlejò. Bí mo bá dákẹ́, òròmọdìẹ Alhaji á kú lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Kí lẹ̀yin ì bá ṣe?

Mo ní, “Òtútù ló ń mú wọn.” Kò sẹ́ni tó gbọ́. Mo tún un sọ.

Bọ̀dá mi yíjú sí mi. “Súlí, ṣé míta ló wá ń parọ́ ni?”

“Mi ò mọ míta, Bọ̀dá mi. Ẹ kàn ki ọwọ́ yín bọ abẹ́ gílóòbù yẹn.”

Alhaji rẹ́rìn-ín. “Mùfú, àwọn òròmọdìẹ yìí ò lọ síléèwé, wọn ò mọ míta kà.”

Bọ̀dá mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kiwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n fi síbẹ̀ pẹ́, ooru ibẹ̀ ò tó nǹkan. NEPA wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n yọ gílóòbù yẹn kúrò lára ẹ̀rọ, wọ́n sì fi iná NEPA tàn án. Gílóòbù kan náà o! Kò pẹ́ rárá, àwọn òròmọdìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká. Ọ̀kan rìn lọ mumi. Bọ̀dá mi wá bẹ Alhaji pé kí wọ́n má tíì kó èédú dànù, kí wọ́n retí ìpè àwọn.

Wọn ò bínú sí mi. Ṣe ni wọ́n lọ wá ọ̀nà mìíràn tí wọn yóò fi wọn iná náà. Wọ́n gé wáyà tó ń gbóná nínú sítóòfù oníná sí méjì dọ́gba, wọ́n wá kọ́ọ̀bù méjì, wọ́n bu iye omi kan náà sí wọn, wọ́n sì ki wáyà kan bọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ṣètò rẹ̀ débi pé iye iná kan náà ni batiri ń fún ìhà méjèèjì. Àmọ́ iná ìhà kan lọ tààrà sínú omi, ti ìhà kejì gba inú ẹ̀rọ kọjá ná. Èyí tó lọ tààrà gbóná. Tinú ẹ̀rọ kàn lọ́wọ́ọ́rọ́ ni!

Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Iná batiri ń lọ geere bí omi inú rọ́bà, míta lè kà á dáadáa. Ṣùgbọ́n iná tó ń jáde lára wáyà tí wọ́n wé mọ́ irin yẹn ń fò sókè, ó ń já lulẹ̀, ó yá ju kí èèyàn ṣẹ́jú lọ. Irú míta tiwa ò lè tẹ̀ lé e, ohun tó bá rí gbá mú ló ń kà. Omi ní tiẹ̀ ń gba gbogbo rẹ̀ sára.

Níṣojú mi ni wọ́n pe Alhaji. “Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èédú yín sílẹ̀. Ẹ̀rọ mi ò fi nǹkan kan kún iná. Ṣe ló ń jẹ nínú rẹ̀.”

Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Súlí, nígbà mìíràn, pariwo díẹ̀ sí i.”

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan pọ̀ sí i, ohun tó lè wọn ìhà méjèèjì dọ́gba ni kó o fi wọ̀n ọ́n. Bó bá sì jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ ló ṣe é, sọ òótọ́ fún un, fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, kó tó di pé ẹlòmíràn forí kó o. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti ní láti sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí fún rí, báwo lẹ sì ṣe gbé e kalẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Àwa onítìjú wà níbí tí à ń kà á.