Àpótí Ìyá Mi Lẹ́nu Ọ̀nà Tóóró

Òórùn igbó ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn káàbọ̀ sí àdúgbò wa ní Òkè-Afa nígbà yẹn, kó tó wáá kan ti ẹja díndín. Ọ̀nà tóóró kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, òun ló yá jù láti ibùdókọ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọkùnrin kan tó ń ta igbó sọ di ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníbàárà ẹ̀ kì í tètè lọ; bí wọ́n bá ti mu ún yó tán, wọn á máa já fóònù àti báàgì gbà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gba tèmi, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí mò ń ti ilé iṣẹ́ bọ̀ ní Ìsọlọ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo ti wá yàrá sí Àjàó, ṣùgbọ́n ìyá mi fàáké kọ́rí pé òun ò kó lọ ibì kankan.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni ìyá mi. Kò mọ bí èèyàn ṣe ń kọjá lára ẹ̀ kó má bi í ní orúkọ ìyá ẹ̀ àti oríkì ẹ̀. Ojú máa ń tì mí kú tá a bá jọ wọ bọ́ọ̀sì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé àpótí síta, ó gbé ẹ̀gúsí tó fẹ́ bó dání, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà tóóró yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, mo tún sunkún, ẹ̀gúsí ẹ̀ ló ń bó lọ; ojoojúmọ́ ló sì wà níbẹ̀ látọjọ́ náà.

Ọ̀rẹ́ mi, o ò bá wá wòran! Kò sẹ́ni tó fẹ́ wọ ọ̀nà yẹn tó lè gba ẹ̀gbẹ́ àgbà kọjá láì dọ̀bálẹ̀, bó bá sì ti dọ̀bálẹ̀, ó ti kó sí pánpẹ́ nìyẹn. Ọmọ ta ni ẹ́? Màmá ń kọ́? Kí ni oríkì ẹ? Ẹni tí ò bá ní, ìyá mi á fún un ní ọ̀kan lójú ẹsẹ̀. Géńdé tó wá ra igbó, oríkì ló gbé lọ sílé. Tó bá sì ti ní kí wọ́n bá òun kí màmá wọn, ẹsẹ̀ wọn kì í lè wọnú ibẹ̀ mọ́; wọn á ní àwọn ṣìnà ni.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọkùnrin tó ń tà á fúnra ẹ̀ jáde wá, ó lóṣòó síwájú ẹ̀. Mo wà lójú fèrèsé, mò ń wò wọ́n.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa jókòó sínú ilé. Ìkíni yín ń ba ọjà mi jẹ́."

Ìyá mi ò tiẹ̀ gbójú kúrò lára ẹ̀gúsí, oríkì ló fi dá a lóhùn. "Irú ọjà wo lo wáá ń tà, Àjàní, tí ìkíni ń bà á jẹ́?"

Ó dìde, ó padà wọnú ọ̀nà. Kó tó di Sátidé, ó ti kó lọ, àwọn tó ń já fóònù sì bá a lọ. Mi ò ní purọ́, àdúgbò ẹlòmíì ni wọ́n kó lọ, àánú àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe mí. Ṣùgbọ́n inú mi dùn, mo jó nínú ilé.

Mi ò lọ Àjàó mọ́. Ọ̀nà tóóró yẹn náà ni mò ń gbà bọ̀ lójoojúmọ́, fóònù létí, ìyá mi sì wà lórí àpótí ẹ̀. Tí mo bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, á mójú le, á ní, "Ọmọ ta ni ẹ́?"

Màá kúnlẹ̀ tòun ti báàgì. "Àṣàkẹ́ ọmọ yín ni, mà." Àwa méjèèjì á bú sẹ́rìn-ín. Ìbéèrè tó ń tì mí lójú nínú bọ́ọ̀sì, òun náà ló ń jẹ́ kí n délé.