Aránṣọ Tí Kò Lè Pa Òpin Ìwé Mọ́nú

Ìyá Òpin kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń kàwé ló fi bá a ṣeré lọ́jọ́ kan, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn lára bí ìgbà tí wọ́n fi maṣíìnì rán an mọ́ ọn. Aránṣọ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní igun títì, yàrá kan tí kò fẹ̀: maṣíìnì méjì, tábìlì tó fi ń géṣọ, dígí gígùn tó ti sán létí, àti bẹ́ǹṣì kan lẹ́nu ọ̀nà tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí bí aṣọ wọn kò bá tíì tán. Bẹ́ǹṣì náà kì í sábà ṣófo.

Báàgì kan ló kó o wọ ọ̀rọ̀ ìwé. Obìnrin kan gbé e wá kó bá òun pa síìpù rẹ̀ dà, ó sì gbàgbé ìwé kan sínú rẹ̀. Aránṣọ yọ ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè ráyè ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ bá bọ́ sí ìlà àkọ́kọ́. Ìlú kan wà nísàlẹ̀ òkun, ẹja tó ń tàn yanran làwọn ará ibẹ̀ fi ń ṣe àtùpà. Ó ní kóun ka ojú ewé kan péré. Òórùn ṣẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́ẹ̀tì tó ń jó lábẹ́ áyọ́ọ̀nù ló gbé orí rẹ̀ sókè. Ó rán ṣẹ́ẹ̀tì tuntun fún onítọ̀hún, kò sì janpata. Ṣùgbọ́n kò ránṣẹ́ sí obìnrin oníbáàgì pé síìpù ti tán, àfìgbà tó ka ìwé náà dé ẹ̀yìn.

Láti ìgbà náà, kò sí ayé àròsọ kan tí kò fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀: ọkọ̀ tó ń rìn láàárín ìràwọ̀, ọba tó ń bá igi sọ̀rọ̀, dírágónì tó ń tu iná lẹ́nu. Ọkọ rẹ̀ kan pẹpẹ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù fún un, ó ní kí àwọn ìwé yẹn ṣáà kúrò níbi tóun ń gbórí lé.

Orí pẹpẹ yẹn ni àwọn tó kù ti bá ìwé pàdé. Nọ́ọ̀sì kan tó wá gba yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ mú ọ̀kan, kò gbé e sílẹ̀ mọ́. Wẹ́dà tó ń jórin ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wá tọrọ abẹ́rẹ́, ó gbàgbé abẹ́rẹ́ síbẹ̀, ó gbé ìwé dírágónì lọ. Lẹ́yìn náà ni Tíṣà dé, bàbá àgbàlagbà tó ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò títí tó fi fẹ̀yìn tì, tó sì gbà pé ìwé tí kò bá ti sí ọkọ̀ ìràwọ̀ nínú rẹ̀, àkàdànù ni. Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n máa ń pàdé. Kálukú á gbé ìwé tó kà wá, á sọ ìdí tó fi yẹ kí ẹlòmíràn kà á, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn.

Kò sí ẹni tó mọ ìwé polówó bí aránṣọ. Á dìde, á fi téèpù ọrùn rẹ̀ ṣe ìrù dírágónì, á fi sísọ́ọ̀sì ṣe idà, ojú gbogbo wọn á sì máa tẹ̀ lé e káàkiri yàrá. Ìjọ̀ngbọ̀n rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò mọ ibi ìdúró. Ọ̀rọ̀ á gbé e lọ bí àgbàrá, títí òun àti ìwé á fi jọ parí.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà dójú ẹ̀, wẹ́dà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwé kan tó nípọn bí bíríkì, ìtàn ọmọbìnrin kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gun òkè kan tí dírágónì ń ṣọ́. Ó ń sọ bó ṣe ń gbádùn rẹ̀ tó. Aránṣọ ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

“Ó dùn mí gan-an ni,” ó ní, “nígbà tó wá hàn pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gangan ni dírágónì yẹn.”

Wẹ́dà pa ìwé náà dé jẹ́jẹ́.

“Màmá,” ó ní, “wọn ò tíì di ẹrù wọn tán níbi tí mo kà á dé.”

Tíṣà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì kọ́, òun alára ṣì ń ṣọ̀fọ̀ ìwé tí obìnrin yìí bà jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Wọ́n dájọ́ lójú ẹsẹ̀ pé láti ọjọ́ náà lọ, kí aránṣọ máa dárúkọ ìwé, kó sọ bóyá ó nípọn tàbí ó fẹ́lẹ́, kó sì dákẹ́. Nọ́ọ̀sì ló fi orúkọ Ìyá Òpin dé e ládé. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn ún díẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ńṣe ló kó píìnì sẹ́nu bí ẹni tó fẹ́ wọn aṣọ, kò sì yọ ọ́ títí ìpàdé fi tú. Bí wọ́n bá bi í nípa ìwé kan, á fi ìka méjì júwe bó ṣe nípọn tó.

Ìyá Oníbúrẹ́dì, tí ilé búrẹ́dì rẹ̀ wà lódìkejì títì, wá rán aṣọ iṣẹ́ ní Sátidé kan, ó bá wọn lẹ́nu àríyànjiyàn. Ó jókòó, ó tẹ́tí, ó ní kí wọ́n wá èyí tóun náà lè kà fóun. Inú wọn dùn bí ẹni rí àlejò tó kó ẹ̀bùn wá. Tíṣà yára ṣáájú wẹ́dà, ó fi ìwé kan lé obìnrin náà lọ́wọ́, ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọkọ̀ lọ sí ìràwọ̀ tó jìnnà réré. Kò pẹ́ tí obìnrin náà fi dá a padà, ó ní ó dára, ẹ ṣeun. Nọ́ọ̀sì fún un ní ti ọmọ kan tí iwin gbé lọ. Ìyẹn náà padà wá. Ti dírágónì tí wẹ́dà nà sí i, kò tilẹ̀ mú un délé. Tíṣà ní bóyá ìwé oúnjẹ sísè ló yẹ kí wọ́n lọ wá fún un.

Lọ́jọ́ tí aránṣọ ń wọn èjìká Ìyá Oníbúrẹ́dì, tó ku àwọn méjèèjì nìkan, ó bi í.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ṣé àwọn ìwé yẹn ò dùn ni?”

“Wọ́n dùn. Ìyẹn gan-an ni wàhálà wọn.” Ó gbápá sókè kí téèpù lè kọjá. “Ìwé Tíṣà yẹn, mo kà á dé ibi tí ọmọ náà ti wọkọ̀, tí ìyá rẹ̀ dúró tó ń juwọ́ sí i. Ọwọ́ mi ò gbà kí n ṣí ewé tó kàn. Ṣé o mọ̀ pé ọmọ tèmi wà lójú òkun, inú ọkọ̀ ẹrù ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà mìíràn á pè mí, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ á gorí ọ̀sẹ̀, fóònù ò ní dún. Ẹni tí mò ń retí tó mi í retí. Mi ò lè máa retí ti inú ìwé mọ́ ọn.” Ó yíjú sí ìwé náà lórí pẹpẹ. “Ṣé ó padà wálé?”

Aránṣọ ti kó píìnì sẹ́nu. Ó rántí Tíṣà, ó rántí ìdájọ́ wọn. Ó tu píìnì sí àtẹ́lẹwọ́, ó fa àga.

“Ẹ jókòó,” ó ní. “Ó padà wálé.”

Ó sọ ọ́ tinú tẹ̀yìn: iná tó sọ nínú ọkọ̀, ọ̀rẹ́ tó dalẹ̀, ayé kan tí ilẹ̀ kì í ṣú, títí dé ibi tí ọmọ náà ti kan ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni èjìká Ìyá Oníbúrẹ́dì ń rọlẹ̀. Nígbà tó parí, obìnrin náà mú ìwé yẹn lórí pẹpẹ, ó há a mọ́ abíyá, ó lọ. Àwọn méjèèjì gbàgbé pé aṣọ ni wọ́n ń wọ̀n.

Nígbà tó kà á tán, ó gbé e padà wá pẹ̀lú ìyẹ̀fun lára èèpo rẹ̀. Ó fajú ro.

“O purọ́ fún mi.”

“Èmi kẹ̀?”

“O ní ó padà wálé. O ò sọ fún mi pé bó ṣe ń sáré láàárín ìràwọ̀, ọjọ́ ò kọjá lórí rẹ̀ bó ṣe ń kọjá lórí ìyá. Ó padà tòun ti ìgbà èwe rẹ̀, ìyá ti hewú tán.”

“Mo sọ pé ìyá wà láàyè.”

“O sọ bẹ́ẹ̀.” Ojú tó fà ro yẹn tú, ó bú sẹ́rìn-ín. “Bí èmi àti ọmọ tèmi náà ṣe rí nìyẹn. Ìgbà tó wá gbẹ̀yìn, ó ń wo orí mi ṣáá. Mo ní ìyẹ̀fun ni. Mú òmíràn wá, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ sọ ẹni tó máa kú.”

Ẹnu Ìyá Oníbúrẹ́dì fúnra rẹ̀ ni àṣírí náà ti tú ní Sátidé. Tíṣà ní ìwé òun ni wọ́n tún bà jẹ́ yẹn.

“Kò bà á jẹ́,” Ìyá Oníbúrẹ́dì dáhùn. “Òun ló jẹ́ kí n lè kà á. Ẹ̀yin ń kàwé kí ẹ lè mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Èmi, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n ná, kí ọkàn mi lè balẹ̀ wo bó ṣe ṣẹlẹ̀.”

Tíṣà ní nígbà tóun ń kọ́ ọmọ, ẹni tó bá ṣí ẹ̀yìn ìwé wo ìdáhùn, pàṣán ló ń jẹ. Nọ́ọ̀sì ló là wọ́n. Ó ní ní ọsibítù àwọn, aláìsàn kan á ní kí ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún òun, èkejì á ní kí ẹ má wulẹ̀ sọ nǹkan kan, èyí tí kálukú bá sì fẹ́ ni wọ́n ń ṣe fún un. Bí wọ́n ṣe parí rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ òpin, kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ẹni tó fẹ́, kó wá sídìí maṣíìnì, kí aránṣọ rọra sọ ọ́ fún un.

Àṣé àwọn tó fẹ́ gbọ́ òpin pọ̀. Aboyún kan wá, kò fẹ́ ìwé tí aburú ti ṣe ọmọdé. Awakọ̀ kan fẹ́ mọ̀ bóyá ajá inú ọkọ̀ ìràwọ̀ yẹn yè é. Wẹ́dà pàápàá yọ́ wọlé ní ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ kan, ó wẹ̀yìn wò bóyá Tíṣà wà nítòsí.

“Màmá, ẹṣin ọmọ ọba yẹn,” ó ní. “Ẹ má sọ nǹkan mìíràn fún mi o. Ẹṣin yẹn nìkan.”

“Kò kú.”

Wẹ́dà mí kanlẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọmọ Ìyá Oníbúrẹ́dì gba ìsinmi, ó wálé láìsọ tẹ́lẹ̀. Sátidé ni ìyá rẹ̀ fà á wá sí ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n wọn ṣòkòtò fún un. Géńdé ọkùnrin ni, kò lọ́rọ̀ lẹ́nu púpọ̀. Tíṣà bi í ìwé tó ń kà lójú òkun. Ó ní òun kì í kàwé, bọ́ọ̀lù lòun ń wò. Wọ́n gbé ìyẹn mì láìbá a jiyàn.

“Àbúrò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òkun,” ni wẹ́dà wí, “bí ẹyẹ ńlá bá ń fò lórí omi, ṣé ó lè máa lọ títí láìbà?” Òun àti Tíṣà ti ń jiyàn láti ìgbà tí ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀ lórí dírágónì kan tó gbé odidi ìdílé kan sódì òkun.

Ọmọkùnrin náà rò ó. Ó ní àwọn ẹyẹ máa ń bà sórí ọkọ̀ àwọn láti sinmi, alásè ọkọ̀ a sì máa fún wọn ní èérún oúnjẹ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tóun ò rí i kí wọ́n bà rí.

“Ohun tí mo sọ nìyẹn,” Tíṣà ní.

“Ẹ̀yin wo ló sọ ọ́?” wẹ́dà ní.

Ọmọ náà yí sí wọn, ó béèrè bí dírágónì ọ̀hún ṣe wúwo tó, wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ iyàn wọn lákọ̀tun. Aránṣọ kúnlẹ̀, ó ń wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò dúró lójú kan mọ́. Ìyá Oníbúrẹ́dì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì, ìwé tuntun wà lórí itan rẹ̀. Kò ṣí i. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò.