Àgbo Tí Mo Dà sí Ẹ̀yìn Balùwẹ̀

Kí n tètè sọ ọ́: mi ò fẹ́ràn ìyá ọkọ mi, àwọn náà ò sì fẹ́ràn mi. Wọ́n ti lọ báyìí. Mo sun ẹkún tó yẹ kí ìyàwó ilé sun, ṣùgbọ́n inú mi ò tíì yọ́ sí wọn.

Agbo ilé wa l'Ẹdẹ kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà rélùwéè nígbà náà. Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ gba ìgbàgbọ́ nínú gbogbo ilé. Wọ́n ti kó nǹkan òrìṣà wọn dànù, wọn kì í pa ìsìn jẹ, ṣùgbọ́n ìkòkò àgbo kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná tí ẹ̀sìn kankan ò lè gbé kúrò níbẹ̀. Ara ọmọ ilé wa ìbáà yá, ìbáà má yá, láràárọ̀ ni wọ́n máa tẹ́ ẹ sórí itan, wọ́n á káwọ́ bò ó lẹ́nu, wọ́n á máa da àgbo sí i. Bí ọmọ bá fẹ́ mí, wọ́n á dí i nímú kó lè gbé e mì. Ikùn rẹ̀ á le bí igbá, wọ́n á sì ní ó ti yó.

Ọmọbìnrin ni mo bí. Nígbà tó fi máa pé ọdún kan àbọ̀, kò lè dìde dúró. Irun orí rẹ̀ pọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Ọmú mi ti gbẹ, àgbo ló ń mu, ẹ̀kọ lásán ló ń jẹ. Mo sọ fún ìyá ọkọ mi pé bóyá ebi ló ń pa ọmọ yìí. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

“Ebi? Nínú ilé ọmọ mi?” wọ́n ní. “Àgbo ni kò tó o. Bù kún un.”

Mo mọ̀ pé bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, màá sin ọmọ mi. Mo sì kórìíra ìkòkò yẹn bí ẹni tó ń gbé pẹ̀lú ọ̀tá.

Nígbà ìkórè, mo gba àyè lọ kí ìyá mi ní ìlú Ara. Ìyá ọkọ mi rọ àgbo kún akèrègbè kan fún mi, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ pa á jẹ lọ́jọ́ kan. Mo gbé akèrègbè náà kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí n lè so ọ̀já mọ́ra dáadáa. Mo ti rìn jìnnà kí n tó rántí pé ibẹ̀ ló wà. Oòrùn ti mú, ẹsẹ̀ ń ro mí. Mi ò padà.

Abọ̀rìṣà ni ìyá mi, wọn ò mọ ìwé, wọn ò sì ní sùúrù fún òmùgọ̀. Wọ́n fi ìka tẹ ẹsẹ̀ ọmọ náà, ojú ibi tí wọ́n tẹ̀ kò kún bọ̀rọ̀.

“Ta ló ń fi omi bọ́ ọmọ yìí?” wọ́n ní.

Wọ́n gún ẹ̀wà sínú epo fún un, wọ́n rún ẹja odò sí i. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n bó ẹyin. Àyà mi já. Gbogbo wa la gbà pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè, onígbàgbọ́ àti abọ̀rìṣà kò yàtọ̀ lórí èyí. Ìyá mi náà kò fún mi lẹ́yin jẹ rí.

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò ní jalè lọ́la?”

“Jẹ́ kó kọ́kọ́ rí ọ̀la ná. Òkú ọmọ kì í jalè.”

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ọmọ mi di ògiri mú, ó sì dìde. Mo sunkún. Ìbínú ló pọ̀ jù nínú ẹkún náà, nítorí kò sí ohun tó yí padà ju pé a yé da àgbo sí i, a sì fún un lóúnjẹ.

Ṣùgbọ́n ta ni màá sọ fún l'Ẹdẹ? Bí wọ́n bá gbọ́ ẹyin, ohunkóhun tó bá sọnù nínú agbo ilé, orí ọmọ mi ni wọ́n máa dà á lé. Nígbà tí mo padà délé, mo kúnlẹ̀ fún ìyá ọkọ mi, mo ní kí wọ́n sinmi, kí èmi fúnra mi máa rọ ọmọ lágbo. Ìbàdí ti ń dùn wọ́n, wọ́n gbà. Láràárọ̀, mo ń gbé igbá àgbo lọ sí ẹ̀yìn balùwẹ̀, mo ń dà á sílẹ̀, mo sì ń fún ọmọ mi ní ẹyin tí mo ti sè pọ̀ mọ́ iṣu. Abẹ́ àdìẹ ìyá ọkọ mi ni mo ti ń kó ẹyin náà. Wọ́n ní ejò ni.

Ọmọ mi sanra, ó ń sáré kiri. Ìyá ọkọ mi fà á lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń fi í han àwọn obìnrin. “Àgbo mi nìyí,” wọ́n ní. Láti Alájùẹ́ ni àwọn kan ti ń wá gba èèpo igi lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyàwó àbúrò ọkọ mi bí ọkùnrin. Ìyàwó yìí ni ààyò ìyá ọkọ mi, kò sí ohun tí mo ṣe tí kì í ròyìn fún wọn. Nígbà tí irun ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó wá bá mi lọ́sàn-án kan níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà, ó kúnlẹ̀.

“Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣe fún tiyín? Ẹ sọ fún mi.”

Mo wo ojú rẹ̀. Mo ro ti ẹnu rẹ̀ tí kì í dákẹ́, mo ro ti ọmọ mi tí wọ́n máa pè lólè. Kí n má purọ́, mo tún ro ti gbogbo ẹjọ́ mi tó ti rò fún Ìyá.

“Àgbo Ìyá náà ni,” mo ní. “Bù kún un.”

Ó bù kún un. Ọmọ náà kò jẹ iṣu tuntun ọdún yẹn.

Ọmọbìnrin mi ti di abiyamọ báyìí. Kò mú abẹ́rẹ́ ẹlòmíràn rí. Ó ń bó ẹyin fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní gbangba. “Ìyálé mi” ni ìyá ọmọ tó kú yẹn ṣì ń pè mí, ó sì ń kúnlẹ̀ kí mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹyin kò kàn mí lẹ́nu, síbẹ̀ èmi ni mo jalè nínú ilé yẹn. Ìyá ọkọ mi rọ ọmọ lágbo nítorí pé wọn ò mọ̀. Èmi mọ̀.