Eyín Àwọn Darandaran

Nígbà tí mo sọ fún ìyá ọkọ mi pé mò ń lọ sí Kẹ́ńyà láti bá wọn hú òkú, ó jẹ ẹ̀wà tó wà níwájú rẹ̀ tán kó tó dáhùn.

“Òkú ta ni?”

“A ò mọ̀ wọ́n, Mà. Ó ti tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti kú.”

“Ẹbí wọn ńkọ́?”

“Àwọn náà ti kú, Mà.”

Eyín ni iṣẹ́ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú eyín ní Largo, nílùú òyìnbó tí à ń gbé. Olùkọ́ yunifásítì kan, tó máa ń walẹ̀ wá ìtàn àwọn ará àtijọ́, wà lára àwọn tí mo ń tọ́jú. Lọ́jọ́ kan, mo ti ki irin bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó ṣì fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo yọ irin. Ó ní àwọn rí itẹ́ òkú àwọn darandaran àtijọ́ létí adágún kan ní aṣálẹ̀ Kẹ́ńyà. Eyín pọ̀ níbẹ̀, àwọn ò sì ní ẹni tó mọ̀ nípa eyín. Mo ní kó ya ẹnu. Kí n tó parí apá òsì, mo ti gbà láti lọ.

Ọkọ mi gbàdúrà sí i fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan, nítorí náà kí n máa lọ.

Òkìtì òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n kó lé àwọn òkú náà lórí. Oòrùn ibẹ̀ kì í ṣeré. Ìkúnlẹ̀ ni wọ́n kọ́ èmi láti fi kí àgbà, àmọ́ níbẹ̀, gbalaja ni mo dojú bolẹ̀, tí mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá àgbà kan ni mo kọ́kọ́ bá pàdé. Eyín rẹ̀ ti jẹ tán dé ìdí, oówo sì ti lu egungun àgbọ̀n rẹ̀ jáde. Mo mọ irú ìrora yẹn. Àwọn èèyàn ti sunkún nítorí rẹ̀ lórí àga mi.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà,” ni mo sọ.

Olùkọ́ bi mí pé kí ni mo sọ. Mo ní mò ń ṣiṣẹ́.

Bàbá darandaran kan láti abúlé ìtòsí máa ń wá jókòó sábẹ́ igi láti máa wò wá. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí ògbifọ̀ bi mí bóyá a máa ń hú òkú nílùú tiwa. Mo ní rárá.

“Kí ló dé tí ẹ wá ń hú tibí?”

Mo ní eyín wọn ni mo wá wò. Ó rò ó díẹ̀, ó sì ya ẹnu. Ọ̀kan ti jẹrà lẹ́yìn. Lọ́jọ́ kejì, mo bá a yọ ọ́. Ó gba eyín náà lọ́wọ́ mi, ó dì í sí etí aṣọ rẹ̀, ó ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá hú u lọ́jọ́ iwájú.

Nígbà tí mo padà dé ilé wa ní Mitchellville, nítòsí Largo, ìyá ọkọ mi ò béèrè nípa ìrìn àjò, àmọ́ mo sọ fún un nípa ìyá àgbà tí eyín rẹ̀ ti jẹ tán.

“Ta ló lówó jù nínú wọn?”

“A ò lè mọ̀ ọ́n, Mà. Bákan náà ni wọ́n sin gbogbo wọn. Gbogbo wọn ló wọ ìlẹ̀kẹ̀.”

“Arúgbó náà?”

“Ó wọ̀ ọ́, Mà. Aláwọ̀ ewé.”

“Àwọn ọmọdé ńkọ́?”

“Àwọn náà, Mà. Ti ọmọ ọwọ́ kan tiẹ̀ pọ̀.”

Lẹ́yìn náà ló ní kí n tan iná, kí n wo ẹnu òun. Láti ìgbà tó ti ń gbé lọ́dọ̀ wa, kò jẹ́ kí n wò ó rí. Mẹ́rin ti bàjẹ́. Mo sọ fún un.

“Mo mọ̀,” ló wí.